Òdòdó Abẹ́ Asà

Ó ṣòro kí a tó rí ọmọ ilé-ìwé kan ní ilẹ̀ Nàìjíríà tí kò tíì fi ojú kan àmì ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè yìí. Ó wà lára ìwé ìrìnnà, ó wà lára ògiri ilé-ẹjọ́, ó sì wà nínú ìwé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìmọ̀ ìlú. Bí olùkọ́ bá ní kí wọn sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ohùn wọn a sọ gèè: ẹṣin funfun méjì, idì pupa kan, àti asà dúdú tí ilà funfun méjì pàdé lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé ní Lọ́kọ́ja. Nígbà tí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀ asà náà, níbi tí koríko tútù wà tí òdòdó wẹ́wẹ́ sì hù sí i, wọn a pe orúkọ kan tí ó le lẹ́nu, wọn a sì jókòó. Máàkì wọn pé.

Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kan náà bá tún bèèrè pé, “Ta ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí òdòdó yìí rí?” yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ a pa rọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí a kó wá láti òkè òkun. Ewéko ilẹ̀ yìí ni. Kò sí ẹni tí ó ń gbìn ín sí ọ̀dàn tí ó ti ń hù. Ọdọọdún ni ó ń kú sórí ilẹ̀, ọdọọdún ni ó sì ń jí dìde láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Àwọn darandaran ń rìn kọjá lára rẹ̀. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, níbi tí ó ti lọ ka orúkọ rẹ̀ lórí pátákó.

Ohun méjì ni kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn dá a mọ̀. Èkínní ni orúkọ. Costus spectabilis ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àti àkọsílẹ̀, Coctus ni a ń rí. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yí padà, ṣùgbọ́n ìyípadà náà pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, nítorí pé nínú èdè Látìn, ohun tí a ti sè jinná ni wọ́n ń pè ní coctus. Ọmọ tí ó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti gbé òdòdó orílẹ̀-èdè ka iná. Costus ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ àtijọ́ fún gbòǹgbò olóòórùn dídùn kan tí àwọn oníṣòwò ń kó wá láti ìhà Íńdíà; àwọn onímọ̀ yá a lò fún ìdílé ewéko mìíràn. Spectabilis sì túmọ̀ sí ohun tí ó yẹ ní wíwò.

Èkejì ni àwọ̀, ohun yìí ni ó sì burú jù. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán àmì náà tí ó kún ìta, wọ́n kun àwọn òdòdó abẹ́ asà ní pupa bí ẹ̀jẹ̀. Òdòdó náà gan-an kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìyeyè tí ó pọ́n ni ó rí. Èdè Yorùbá pàápàá ran àṣìṣe yìí lọ́wọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn baba wa ń lò fún àwọ̀ méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ pupa, epo pupa, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń sọ pupa ẹyin, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í bèèrè èwo nínú wọn ni a ní lọ́kàn. Lórí tábìlì oúnjẹ èyí kò ní ewu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá ewéko nínú ọ̀dàn níláti fi ohun tí ó rí wé ohun mìíràn: kí ó sọ pé ó pupa bí ẹ̀jẹ̀, tàbí pé ó pọ́n bí ìyeyè. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òdòdó kan ni yóò wá lọ, òdòdó mìíràn ni yóò sì já bọ̀.

Ọmọ Ifẹ̀wàrà tí ó bá fẹ́ mọ òdòdó yìí kò níláti kọ́kọ́ rin ìrìn-àjò, nítorí pé ìbátan rẹ̀ kan wà nítòsí ilé. Ifẹ̀wàrà wà ní ìhà gúúsù láàárín Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Àtàkúnmọ́sà. Ilẹ̀ kòkó ni, ilẹ̀ òkè àti àfonífojì. Àwọn tí ó ń ka ìmọ̀ òkúta mọ orúkọ ìlú náà ju bí àwọn ará ìlú ti lè rò lọ, nítorí pé ẹ̀là ńlá kan nínú àpáta abẹ́ ilẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ó sì lọ jìnnà sí ìhà àríwá, tí wọ́n fi pè é ní ẹ̀là Ifẹ̀wàrà àti Zungeru. Kò sí òkúta ẹfun níbẹ̀ irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò àti Ṣàgámù láti fi ṣe sìmẹ́ńtì. Akọ òkúta ni, àwọn ènìyàn sì ń jọ wúrà nínú yanrìn àwọn odò agbègbè náà.

Ní etí irú àwọn odò bẹ́ẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ tí òjìji sì wà, tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún ni ó ń hù. Costus ni òun náà. Costus afer ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọ̀pá rẹ̀ a máa ga ju àgbàlagbà lọ. Àwọn ọmọdé a máa já a jẹ bí ìrèké, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi inú rẹ̀ kan. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń pè é ní ìrèké ọmọdé. Òdòdó rẹ̀ funfun, ọ̀fun òdòdó náà sì pọ́n bí ìyeyè. Ní orí ṣóńṣó ọ̀pá ni ó ti ń yọ, láti inú ohun kan tí ó dì mọ́ra bí ìkúùkù ọmọdé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ bí a ti ń dá ewéko mọ̀ yóò jàǹfààní bí ó bá dúró ti tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ó wo bí ewé rẹ̀ ti tò. Ewé ata-ilẹ̀ a máa tò sí apá méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ti tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan ni wọ́n ń gun ọ̀pá lọ, wọ́n sì ń yí i ká bí okùn tí a lọ́ mọ́ igi. Kí ó tún wo ìdí ewé kọ̀ọ̀kan. Yóò rí i pé ó wé mọ́ ọ̀pá náà yíká, kò sì ní ojú ṣíṣí, àfi bí apá ẹ̀wù. Lẹ́yìn èyí, kí ó fún ewé náà láàárín ìka méjì kí ó sì gbóòórùn rẹ̀. Ewé ata-ilẹ̀ a ta sánsán. Ti tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún kò ní òórùn kan tí ó yàtọ̀ sí ti ewé tútù. Nípa àwọn ohun mẹ́ta wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ fi yọ ìdílé tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún kúrò nínú ìdílé ata-ilẹ̀, tí wọ́n ti kà wọ́n pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn baba wa náà ní ojú fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a kó àwọn ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Brazil, wọ́n bá Costus mìíràn níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ilẹ̀ Áfíríkà rárá. Wọ́n mọ̀ pé ìbátan ewé ilé ni. Títí di òní, tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún ni àwọn olórìṣà ibẹ̀ ń pè é. Kò sí ẹni tí ó fún wọn ní ìwé tàbí àwòrán. Ewé àti ọ̀pá ni wọ́n wò.

Nísinsìnyí, bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá gba ọ̀nà àríwá láti Ifẹ̀wàrà, tí ó kọjá Iléṣà àti Òṣogbo, tí ó sì forí lé Ìkìrun àti Ọ̀fà títí dé Ìlọrin, yóò rí i pé igbó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Kòkó a dáwọ́ dúró. Igi ẹmì tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, àti igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, a bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lórí pápá. Koríko a ga, àpáta àti yangí a sì hàn síta níbi tí erùpẹ̀ ti tín-ín-rín. Ní ìhà ibẹ̀, oṣù bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún lè kọjá láìsí òjò tí ó ní láárí. Nígbà tí koríko bá gbẹ tán, iná ọ̀dàn a jó o mọ́lẹ̀. Ó rọrùn láti rò pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè gba ìbátan tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún, ẹni tí ó fẹ́ràn omi bí ọ̀pọ̀lọ́.

Ṣùgbọ́n irú ilẹ̀ yìí gan-an ni ilé Costus spectabilis, láti ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà títí dé Sudan, àti láti ibẹ̀ lọ sí ìhà gúúsù títí dé Àǹgólà àti Zimbabwe. Ọgbọ́n tí ó ń dá ni pé kò gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ó wà lórí ilẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ nípọn, ó sì wú bí iṣu kéékèèké. Ibẹ̀ ni ó ń kó oúnjẹ àti omi pamọ́ sí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewé rẹ̀ a rọ, a sì parẹ́ pátápátá. Iná a jó kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun kan níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wá a lọ ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìn-ín-ní yóò padà wálé lọ́wọ́ òfo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dúró lé e lórí.

Ìgbà òjò ni a ń wá a. Bí òjò bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ rọ̀, tí koríko tuntun kò sì tíì ga, ewé rẹ̀ a yọ. Kò ní ọ̀pá tí a lè fojú rí. Ewé mẹ́rin ni ó sábà máa ń ní, wọ́n tóbi, wọ́n nípọn, wọ́n rí roboto bí àwo pẹrẹsẹ, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dàbí ẹni pé ènìyàn kan fi ọwọ́ tẹ́ wọn síbẹ̀. Nígbà mìíràn etí ewé náà a máa pọ́n díẹ̀. Àárín gbùngbùn ewé mẹ́rin náà ni òdòdó ti ń yọ, ó pọ́n bí ìyeyè, ó fẹ̀ tó ẹnu ife ìmumi, kò sì ga kúrò nílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ lókèèrè lè rò pé aṣọ àwọ̀ ìyeyè kan ni ó bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan. Òdòdó ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í pẹ́ kí ó tó rọ. Bí ti òní bá rọ, òmíràn a tún yọ láti inú ìdí kan náà.

Ohun tí ó tẹ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ojú kọ́kọ́ rí yẹn kì í ṣe ewé òdòdó ní tòótọ́. Nínú òdòdó, àwọn ẹ̀yà kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti mú àtíkè jáde, èyí tí kòkòrò ń gbé láti òdòdó kan dé èkejì kí èso tó lè so. Nínú ìdílé tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ni ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn márùn-ún yòókù ti pa iṣẹ́ tì, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n sì ti di aṣọ ńlá kan ṣoṣo tí ń pe kòkòrò wá. Ewé òdòdó gidi wà lẹ́yìn, wọn kò jọjú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fà á ya pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yóò rí ohun kan náà nínú òdòdó tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún etí odò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ wọn yàtọ̀. Níbí yìí ni ìbátan wọn ti hàn gbangba. Ọ̀kan ga bí ọ̀pá àsíá, èkejì tẹ́ bí ẹní. Inú òdòdó wọn kan náà ni.

Kì í ṣe ojú àwọn tí kò kàwé nìkan ni ìrísí yìí ti tàn jẹ rí. Ní ọdún 1865, Eduard Fenzl, onímọ̀ ewéko ní ìlú Vienna, kọ àpèjúwe ewéko náà sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bóyá nítorí pé kò ní ọ̀pá, kò pè é ní Costus. Ó dá ìdílé tuntun sílẹ̀ fún un, ó sì pè é ní Cadalvena spectabilis. Lẹ́yìn náà ni Karl Schumann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, mú un padà sọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀.

Àwọn ewéko mélòó kan wà lórí ọ̀dàn tí ó lè tan olùwá-òdòdó jẹ. Ọ̀kan ni igi kúkúrú tí àwọn Hausa ń pè ní rawaya. Òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè bákan náà, ó sì máa ń yọ nítòsí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni tirẹ̀, lẹ́yìn tí iná bá ti jó pápá tán, kí ewé tó yọ rárá. Ewé òdòdó rẹ̀ márùn-ún sì yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òmíràn ni ẹ̀pà-ikún, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lọ́jà nítorí gbòǹgbò rẹ̀ tí àwọn lékùlejà ń tà. Òdòdó òun náà pọ́n bí ìyeyè, ó kéré, ó ní igun mẹ́fà bí ìràwọ̀, ó sì ń yọ mọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ewé rẹ̀ ni yóò tú u fó: ó gùn, ó tín-ín-rín, ó ní ìṣẹ́po bí ewé ọmọ ọ̀pẹ, ó sì ní irun. Kò sí ẹni tí yóò pe èyí ní àwo pẹrẹsẹ.

Èyí tí ó léwu jù lọ nínú wọn kò pọ́n bí ìyeyè nìkan, ó pupa bí iná. Gloriosa superba ni. Ewéko tí ń fà ni; ṣóńṣó ewé rẹ̀ a máa ká bí ìrù ọ̀gà, òun ni ó sì fi ń di ewéko mìíràn mú láti gòkè. Òdòdó rẹ̀ dojú kọlẹ̀, ewé òdòdó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ṣẹ́ sókè, etí wọn rí wọ́gọwọ̀gọ, ìdí wọn pọ́n bí ìyeyè, orí wọn pupa fòò. Ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí orílẹ̀-èdè Zimbabwe fi mú un ṣe òdòdó tiwọn. Ní ọdún 1947, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì ń jẹ́ Gúúsù Rhodesia, àwọn ọmọ ilé-ìwé ibẹ̀ dá owó jọ láti fi dáyámọ́ńdì ṣe àwòrán rẹ̀ fún Elizabeth, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá di ọbabìnrin lẹ́yìn náà.

Ilẹ̀ Nàìjíríà náà ní i. Bí ọmọ kan bá mú àwòrán àmì ìdánimọ̀ wa dání, tí ó rí i pé pupa ni wọ́n kun òdòdó rẹ̀, tí ó sì wọ inú ọ̀dàn lọ láti wá a, ó ṣeé ṣe kí Gloriosa jẹ́ èyí tí yóò kọ́kọ́ pè é. Yóò wà á. Yóò bá iṣu kékeré kan nísàlẹ̀, tí ó tẹ̀ kọ́rọ́ bí ìka ọwọ́. Oró tí ó wà nínú iṣu yìí ni colchicine. Àwọn dókítà ń lo ìwọ̀nba kíún rẹ̀ fún àrùn oríkèé wíwú kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ díẹ̀, ó ń dá ìpínyà àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ inú ara dúró, ẹni tí ó jẹ ẹ́ a máa bì, a máa ṣu, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní Íńdíà àti Sri Lanka, àwọn dókítà ti kọ ìtàn àwọn aláìsàn tí ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú èrò pé iṣu tàbí ànàmọ́ ni. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fi ẹnu tọ́ ewéko tí a kò tíì mọ̀ wò. Pé omi tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún kan tí kò sì pa ẹnikẹ́ni kì í ṣe ẹ̀rí nípa ewéko mìíràn.

Báwo wá ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti mọ̀ dájú pé èyí tí ó rí ni èyí tí ó ń wá? Àwọ̀ ni kí ó fi sí ìkẹyìn. Kí ó kọ́kọ́ kọ ibi tí ó ti rí i sílẹ̀: orí àpáta ni, àbí etí odò? Kí ó kọ oṣù, kí ó kọ bóyá pápá náà ti jóná. Kí ó ka ewé. Kí ó wò ó bóyá ewé náà dúró tàbí ó tẹ́ mọ́lẹ̀, bóyá ó ní òórùn, bóyá ọ̀pá wà. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó wo òdòdó, kí ó sì ya àwòrán rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n yà. Ọwọ́ tí ń ya nǹkan a máa fi agbára mú ojú láti wò ó.

Àwọn ìwé kan wà tí a kọ fún irú iṣẹ́ yìí. Èyí tí ó lókìkí jù lọ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ni Flora of West Tropical Africa, tí Hutchinson àti Dalziel bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1927. Keay bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ ní 1954, Hepper sì parí rẹ̀ ní 1972. Inú ìwé náà kò ní àwòrán púpọ̀, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ṣí i lè rò pé ìwé ìṣirò ni. Bí oríta ni ó ti ń ṣe. A ó bi òǹkàwé ní ìbéèrè kan: ewéko yìí ní ọ̀pá, tàbí kò ní? Bí ó bá ní, gba ọ̀nà yìí; bí kò bá ní, gba ọ̀nà tọ̀hún. Ní oríta kejì a ó tún bi í ní òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí yóò fi kan ilé orúkọ kan. Ẹni tí ó bá parọ́ ní oríta kìíní yóò dé ilé onílé ní ìkẹyìn, yóò sì kan ilẹ̀kùn.

Nítorí irú èyí ni a fi ní ilé ìpamọ́ ewéko gbígbẹ. Ọ̀kan wà ní Ìbàdàn, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba lórí ọ̀rọ̀ igbó. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí Ifẹ̀wàrà, náà ní tirẹ̀. Nínú àwọn àpótí ibẹ̀ ni ewéko tí a tẹ̀ gbẹ wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí bébà tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó já a, ibi tí ó ti já a àti ọjọ́ tí ó já a. Àwọ̀ wọn ti ṣá, ọ̀pọ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀. Síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ń fi wọ́n mọ ewéko, nítorí pé ìtò ewé, ìdí ewé àti inú òdòdó kì í ṣá bí àwọ̀ ti ń ṣá. Bí àwọn tí ó kun àmì ìdánimọ̀ wa ní pupa bá ti wo irú bébà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ka ohun tí ẹni tí ó já a kọ sí igun rẹ̀, wọn ìbá ti mọ ọ̀dà tí ó yẹ kí wọn rẹ búrọ́ọ̀ṣì sí.

Ẹni tí ó bá rí Costus spectabilis ní ọ̀dàn kò níláti hú u. Ewé kan àti òdòdó kan tó fún bébà. Bí a bá hú gbòǹgbò rẹ̀, kò ní sí ohun tí yóò jí ní ọdún tí ń bọ̀. Ohun tí ó sàn ni pé kí ó gbé òkúta kan tí iná kò lè jó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún àmì. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, òkúta náà nìkan ni yóò kù láàárín eérú. Bí òjò bá tún rọ̀, kí ó padà lọ kí koríko tó ga, kí ó wo ilẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà dáadáa, kí ó sì ka ewé tí ó bá yọ níbẹ̀.